Ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ àbí èyí tó wúwo?

Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì fún bàlúù kékeré olókùn méjì (èyí tí èèyàn ń fi okùn méjì darí láti ilẹ̀), ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ná. Ọ̀dọ̀ oníwúrà kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, níbí l'Ákúrẹ́, lèmi máa ń gbé tèmi lọ. Ẹ má yọ sàlẹ́ńsà àti pùròpẹ́là kúrò o; imú bàlúù ni yóò ru gbogbo ẹ̀.

Bàlúù tó bá fúyẹ́ máa ń ta òkìtì dáadáa, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo fi ẹ́ńjìnnì .35 tó fúyẹ́ (ìyẹn 0.35 ínṣì oníhà mẹ́ta, nǹkan bíi 5.7 cc) rọ́pò ògbólógbòó mi tó wúwo, imú bàlúù fúyẹ́ jù; bó ṣe gbéra báyìí ló gbójú sókè. Okùn mítà 18 dẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó di gbì nínú oko ẹ̀gẹ́ onílẹ̀. Owó ẹ̀gẹ́ ni mo kọ́kọ́ san.

Torí náà, nígbà tí táǹkì ṣófo, ẹ fi ìka méjì gbé ìyẹ́ bàlúù sókè níbi tí àwòrán tí wọ́n fi kàn án fàmì sí. Imú ni kó tẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí ló tẹ̀, ẹ so òjé mọ́ imú, kí ẹ sì wọn òjé náà. Tí ìwúwo òjé bá fẹ́ tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwúwo ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ẹ dá èyí tó wúwo padà síbẹ̀ jàre.