Ohun Tó Hù Nínú Abọ́ Mẹ́ta: Irúgbìn Tí À Bá Gbé Wọ Igbó Ọ̀ṣun

Oṣù kẹfà ni, gbogbo ẹbí, àwa mẹ́sàn-án, ń múra láti lọ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ja èèmọ́ kúrò létí ìró tó wọ̀ lọ sóko lánàá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dà wọ́n nù o, ẹ bá mi kó wọn jọ." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ fi ṣe oògùn ìfẹ́ ni.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kà nípa àwọn onímọ̀ tó yẹ aṣọ àti bàtà àwọn àlejò tó lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, wò láàárín 2007 sí 2008. Àwọn tí wọ́n bá irúgbìn lára wọn gbé bíi 9 sí 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí irúgbìn bá lè bá ènìyàn dé ilẹ̀ yìnyín, mélòó ló ń bá wa wọ Igbó Ọ̀ṣun? Hẹ́kítà 75 péré ni igbó náà, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Èèwọ̀ ni kéèyàn gé igi tàbí kó ṣọdẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú igbó tó ti tán láyìíká fi kù síbẹ̀.

Kí a tó wọ mọ́tò, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Kálukú dúró lórí rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn bàtà wọn, mo sì fi ìṣó ha ẹrẹ̀ inú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà jáde. Mo ja gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ etí ìró àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ti bàtà wọ ọ̀rá kan, ti aṣọ wọ òmíràn.

Mo fẹ́ gbin ohun tó wà nínú ọ̀rá méjèèjì, kí n wo ohun tó máa hù. Iyẹ̀pẹ̀ ló gba wàhálà jù. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní irúgbìn tirẹ̀ nínú, bí mo bá sì lò ó bẹ́ẹ̀, mi ò ní mọ èyí tó ti ara wa wá. Mo da iyẹ̀pẹ̀ sínú agbada, mo yan án bí ẹni ń yan gàrí títí ó fi ń rú èéfín. Nígbà tó tutù, mo pín in sí abọ́ mẹ́ta: ti bàtà, ti aṣọ, àti ẹ̀kẹta tí mi ò gbin nǹkan kan sí, kí n lè mọ̀ bóyá iná pa irúgbìn inú iyẹ̀pẹ̀ náà lóòótọ́. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo gbogbo wọn, nítorí atẹ́gùn náà ń gbé irúgbìn kiri.

Ní Igbó Ọ̀ṣun, nǹkan mìíràn tún gbà mí lọ́kàn. Àwọn ọ̀bọ ń sáré wá bá àwọn àlejò tó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lọ́wọ́. Ọ̀bọ ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó lè ki èso igi kún un, kó gbé e lọ jẹ lọ́nà jíjìn, kó tu kóró rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí igi igbó ṣe ń rí ọmọ gbìn síbòmíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ tó ti yó ẹ̀pà lẹ́nu géètì, kí ló fẹ́ wá lọ sórí ọ̀pọ̀tọ́? Ó dùn mí gan-an. Mo rọ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má fún wọn ní nǹkan kan.

Ọjọ́ karùn-ún ni koríko gbági kọ́kọ́ yọrí nínú abọ́ bàtà. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tó hù níbẹ̀ jẹ́ 31, ti abọ́ aṣọ jẹ́ 14. Abọ́ kẹta kò hu nǹkan kan. Mo tún rí àwọn èpò bí imí eṣú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ètìpọ́nọ́lá, abẹ́rẹ́ olóko àti ewé Akíntọ́lá. Kò sí ọmọ igi igbó kan ṣoṣo. Mo mú kóró abẹ́rẹ́ olóko kan tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá, mo gbé e sójú oòrùn: ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gún méjì wà lórí rẹ̀ bí ìwo, ìwo náà tún ní ẹ̀gún wínníwínní tó kọjú sẹ́yìn. Ó wọ aṣọ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ fà á wò, kò ní jáde.

Ewé Akíntọ́lá ló bà mí lẹ́rù jù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, ohun tí a sì gbọ́ ni pé inú irúgbìn igi mẹ̀láínà (Gmelina) ló fara pamọ́ sí dé Nàìjíríà. Abẹ́ òjìji kò bá a lára mu, oòrùn ló ń wá. Àwa la sì ń ṣí oòrùn sílẹ̀ fún un. Tí àlejò bá yà kúrò lójú ọ̀nà láti ya fọ́tò, tí ẹlòmíràn tẹ̀lé e, ọ̀nà á fẹ̀, ọmọ igi á kú lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ á le, ìmọ́lẹ̀ á wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹrẹ̀ bàtà wa á já sí.

Mo fa gbogbo wọn tu kí wọ́n tó tanná, mo sá wọn gbẹ, mo dáná sun wọ́n. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, pé kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń fi ìṣó ha àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà hàn wọ́n, àwọn ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀.