Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé àti Àgbẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Falẹ̀

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀ nínú ilé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí a tún dátà rà, tàbí kí a yọ síìmù kan kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Owó á tán, ìṣòro á sì wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ìdádúró náà wà, nítorí ọ̀nà méjì ni dátà ń gbà kí ó tó dé ọwọ́ wa: láti orí máàsì (òpó gíga ilé-iṣẹ́ síìmù) dé ara ráútà (ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé), àti láti ara ráútà dé ara fóònù. Ohun tí ó ń tún ọ̀kan ṣe kì í tún èkejì ṣe.

Ẹ gbé fóònù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an, kí ẹ ṣí fast.com, ojú ìwé tí ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ iye tí ó bá gbé jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí yàrá tí ó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ tún un ṣe. Bí iye náà bá dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tí ó sì já wálẹ̀ nínú yàrá, inú ilé ni ìṣòro wà. Bí kò bá dára níbi méjèèjì, láti ìta ló ti ń wá. Ẹ ṣe é ní ìdájí, kí ẹ tún ṣe é ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí máàsì kan náà. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń falẹ̀, èrò ló pọ̀ lórí máàsì, ráútà tuntun kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ìdánwò yìí ń jẹ dátà, nítorí náà ẹ má ṣe é léraléra. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bit 8 ló wà nínú byte 1: ìlà tí ó ń sáré ní Mbps 8 (mílíọ̀nù bit 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) yóò gba fáìlì MB 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Inú ilé ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí àtúnṣe ibẹ̀ kì í sábà gba owó. Ní ilé púpọ̀, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ráútà ń gbé, wọ́n á sì fi aṣọ tí a fi òwú hun bò ó nítorí eruku, tí ooru á fi máa mú un lábẹ́ aṣọ náà. Ẹ ṣí aṣọ kúrò, kí ẹ gbé e sókè sórí pẹpẹ, kí ó jìnnà sí fíríìjì, dígí ńlá àti táńkì omi. Ògiri ilé amọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ ní Ìrèmọ àti Ìlódè nípọn, ilé búlọ́ọ̀kù sì ní irin nínú òpó. Méjèèjì ni wọ́n ń gba agbára lọ́wọ́ Wáífáì. Bí ráútà yín bá ní ìgbì méjì, ti GHz 2.4 máa ń la ògiri kọjá dáadáa ṣùgbọ́n kò yára púpọ̀, ti GHz 5 sì yára púpọ̀ nínú yàrá tí ráútà wà. Níbi tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti fún mọ́ra, bí Asherifa, ráútà àwọn aládùúgbò ń dí ara wọn lọ́wọ́ lórí GHz 2.4, ẹ yan ojú ọ̀nà (channel) 1, 6 tàbí 11 nínú ètò ráútà yín, èyí tí èrò kò bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí ráútà wà láàárín ilé. Òótọ́ ni fún ẹni tí wáyà fiber wọ ilé rẹ̀. Ráútà onísíìmù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, èyí sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ máàsì kedere kí ó tó ní ohun tí yóò pín fún ilé. Bí a bá gbé e sí àárín ilé, lábẹ́ páànù, òun gan-an kò ní rí nǹkan gbà. Ẹ ṣí ojú ìwé ìṣàkóso rẹ̀ (àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára ìlẹ̀mọ́ abẹ́ ráútà), kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn bí ìgbì máàsì tí ráútà ń gbọ́ ṣe lágbára tó. Iye náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, bí ó bá sì ti súnmọ́ òdo tó ni ó dára tó: -80 dára, -110 kò lágbára. Ẹ gbé ráútà láti fèrèsé kan dé òmíràn, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan kí iye náà tó dúró, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ó bá dára jù lọ ni kí ó máa gbé. Bí ibẹ̀ bá jìnnà sí yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6 láti ara rẹ̀ lọ sí ráútà kejì láàárín ilé. Wáyà bẹ́ẹ̀ lè gùn tó mítà 100, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bàbà pọ́ńbélé ni, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Mo fọwọ́ sí wáyà yìí ju ẹ̀rọ tí ń tún Wáífáì gbé jáde lọ, nítorí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń dín ìyára kù sí bí ìdajì.

Fún àgbẹ̀ tí abà rẹ̀ wà lápá Ìfẹ̀tẹ̀dó, igi kòkó ló ń dí ọ̀nà, torí ewé tí omi wà nínú rẹ̀ ń fa ìgbì mu. Ráútà tí ó ní ihò fún ẹ̀ríà ìta ni kí ó rà, kí ó gbé ẹ̀ríà náà sórí òpó tí ó ga ju igi lọ, kí ó sì jẹ́ kí wáyà ẹ̀ríà kúrú, nítorí bí ó bá ti ń gùn sí i ni agbára ń ṣòfò. Kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, kí ó yọ wáyà náà kúrò lára ráútà. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tí ń wá láti ara sátẹ́láìtì, tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kò nílò máàsì, àmọ́ ó fẹ́ kí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì ń jẹ iná ju ráútà lásán lọ.

Bátìrì kékeré fólítì 12 lè gbé ọ̀pọ̀ ráútà nígbà tí iná bá lọ; ẹ kọ́kọ́ wo fólítì tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá ń lo Wáífáì yín.

Bí gbogbo èyí kò bá ran iye tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà lọ́wọ́, ẹ pe 300, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín, láti orí síìmù náà, kí ẹ ka ọjọ́, aago, àdúgbò àti iye tí ẹ kọ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, 622 ni nọ́ńbà NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù, tí ń gba ẹ̀sùn lórí wọn, àjọ náà yóò sì béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ yín.