Bí A Ṣe Ń Gbá Géèmù Akọni Ilẹ̀ Jàpáànì Láìkú Sínú Ihò

Géèmù akọni àtijọ́ ti àwọn ará Jàpáànì (RPG), níbi tí ẹ ti ń darí ẹgbẹ́ akọni kan la ìtàn gígùn já, kò béèrè ọwọ́ yíyá bíi ti géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá kárí Àkúrẹ́. Ọ̀tá á dúró níwájú yín, á máa retí àṣẹ tí ẹ fẹ́ pa fún àwọn èèyàn yín, ẹ sì lè lọ mu omi kí ẹ tó dáhùn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti jókòó tì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ló pa á tì kí ìtàn náà tó wọra, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń kọsẹ̀: inú ihò, ìyẹn ibi abẹ́ ilẹ̀ tó kún fún ọ̀tá àti àpótí ìṣúra. Ọ̀rọ̀ ihò ni màá pẹ́ lé lórí jù nínú àlàyé yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ máa fi gbá a. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó fún àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ PlayStation 2 tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ rí i dájú pé káàdì tó ń pa iṣẹ́ mọ́ wà pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí láìsí i, ohun tí ẹ fi gbogbo ọ̀sán ṣe á pòórá ní kété tí iná bá lọ. Ẹ má sì gbá irú géèmù yìí ní ibi tí wọ́n ti ń gbowó ní wákàtí wákàtí, nítorí ìtàn kan lè gbà tó ogún wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páàdì dára, ṣùgbọ́n ìka lásán tó; kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ́n yín ni ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan àti bírò.

Dragon Quest, tó jáde lọ́dún 1986, ló lànà fún irú géèmù yìí, Final Fantasy sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Final Fantasy àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń gbé fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí kò gùn jù. Òun náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Wọ́n á ní kí ẹ yan èèyàn mẹ́rin nínú oríṣi mẹ́fà. Ẹ fi Warrior, jagunjagun tó ń lo idà, síwájú, torí ẹni tó wà níwájú ni ọ̀tá ń lù jù. Ẹ fi Monk tó ń fi ọwọ́ lásán jà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà White Mage tó ń wo ẹgbẹ́ sàn, kí Black Mage tó ń fi ọfọ̀ iná jà wà lẹ́yìn pátápátá. Àwọn kan á yan Warrior mẹ́rin nítorí agbára idà. Inú wọn á dùn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ oògùn ni wọ́n á máa fi gbogbo owó wọn rà.

Ní Cornelia, ìlú tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ bá gbogbo ará ìlú sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n bá dárúkọ sínú ìwé yín. Ẹ ra ohun ìjà, ẹ ra ọfọ̀, kí ẹ sì rántí pé rírà kọ́ ni wíwọ̀: mo ti rí ẹni tó ra idà tuntun, tó gbé e sínú àpò, tó sì ń fi ohun ìjà àtijọ́ rẹ̀ jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jà ní ẹ̀bá ìlú, ẹ máa padà wá sùn ní ilé àlejò, kí ẹ má sì lọ bá Garland, ọ̀tá ńlá àkọ́kọ́ nínú ìtàn náà, kí ẹgbẹ́ yín tó dé ìpele agbára kẹrin, èyí tí ìjà ń gbé yín dé.

Ó wá kan ihò. Èyí tó ń fa ìjákulẹ̀ jù ni Marsh Cave, tí ẹ máa dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ sì ti dé ìlú àwọn Elf, ẹ̀yà kan nínú ìtàn náà. Adé kan wà nínú ihò náà tí ọba kan á ní kí ẹ lọ mú wá, àpótí tí adé náà wà nínú rẹ̀ sì ní ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ìjà dé nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà jà lójú mi, ó pa wọ́n, ó mú adé, ó ń pariwo ayọ̀. Ní àkókò yẹn, White Mage rẹ̀ kò ní ọfọ̀ ìwòsàn kankan mọ́, Monk rẹ̀ ti jẹ májèlé, HP rẹ̀, ìyẹn iye ẹ̀mí tó kù fún un, sì ń já wálẹ̀ bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àjà méjì ló kù kó tó rí ìta. Kò jáde. Ẹ̀dà àtijọ́, tó ń pa iṣẹ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá sùn, ló ń gbá, nítorí náà gbogbo ohun tó ti ṣe láti ìgbà tó ti sùn kẹ́yìn ló bá a lọ, adé náà pẹ̀lú.

Àbọ̀ ló ń pa èèyàn nínú ihò, kì í ṣe àlọ. Ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó ju 600 lọ, mọ̀ pé omi tí òun bá mu tán lójú ọ̀nà kò ní sí mọ́ nígbà tí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ẹ ní gbọ́dọ̀ tó àlọ, kó tó ìjà, kó sì tó àbọ̀. Nínú géèmù yìí, iye ìgbà tí ẹ lè pe ọfọ̀ níye, ilé àlejò sì ni ẹ ti máa rí i gbà padà. Nítorí náà, bí ọfọ̀ ìwòsàn bá ti dé ìdajì, ẹ yí padà, kódà bí ẹ bá ń rí àpótí ní ọ̀ọ́kán. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn. Àmọ́ àpótí tí ẹ bá ti ṣí kò ní kún padà, ìpele tí ẹ bá ti gùn kò ní dín kù, nítorí náà ìrìn àkọ́kọ́ kì í ṣòfò bí ẹ bá ti jáde láàyè.

Ẹ jẹ́ kí ìrìn àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ ti àyẹ̀wò nìkan. Ẹ ya àwòrán ihò náà sínú ìwé yín, kí ẹ fàlà sí ibi tí kò já síbì kan. Ẹ ra oògùn apa-májèlé tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ó tó. Kò wọ́n, ẹni tó bá kú sì di ẹni tí ẹ máa gbé lọ sí ilé ìjọsìn inú ìlú kí wọ́n gbowó kí wọ́n tó jí i. Ọfọ̀ iná ni kí Black Mage lò fún àwọn òkú tó ń rìn. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má jà mọ́ bí sísá bá ṣeé ṣe. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ẹ má sì darí èèyàn mẹ́rin sí ọ̀tá kan ṣoṣo, torí bí ọ̀tá náà bá ti kú, ẹni tó kù á na afẹ́fẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ìyẹn pípa iṣẹ́ mọ́, náà nìyí. Ẹ̀dà ti fóònù gbà kí ẹ ṣe ìpamọ́ kíákíá níbikíbi, èyí sì ti di ìdẹkùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á ṣe ìpamọ́ nísàlẹ̀ ihò nígbà tí ẹ̀mí ti ń bọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì máa jí sí, tí wọ́n á máa kú sí. Ẹ lo ààyè ìpamọ́ méjì. Èkínní jẹ́ ti inú ìlú, ẹ má kọ nǹkan inú ihò sórí rẹ̀ láé. Èkejì ni ẹ máa lò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń lo tẹlifíṣàn tí kò ní ẹ̀rọ ìnfátà gbọ́dọ̀ sùn ní ilé àlejò inú géèmù kó tó wọ ihò kankan, ẹni tó ń lo fóònù sì gbọ́dọ̀ fi pọ́wà báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá gbé adé náà jáde, ẹ má tíì gbé e lọ fún ọba tó rán yín. Ẹ padà sí ìlú àwọn Elf, ẹ sùn, ẹ ra oògùn padà kó pé, ẹ ṣe ìpamọ́ sí ààyè ti inú ìlú, kí ẹ tó kọrí sí ààfin rẹ̀, nítorí ìjà mìíràn ń dúró dè yín níbẹ̀.