Ọmọ tó ń da kíláàsì rú: bí a ṣe ń mú un láìbá a jà

Ohun èlò iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ẹ wá ìwé olójú-ewé 40 kan, bírò, píọ́wọ́tà méjì lóòjọ́, àti nǹkan kan tó ń dún tí ẹ ó máa fi pe etí kíláàsì padà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ra agogo. Agolo mílíìkì tó ti tán náà ti tó: ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ihò rẹ̀, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ má lo fèrè. Fèrè ni wọ́n fi ń darí bọ́ọ̀lù, ọmọ tó bá sì gbọ́ ọ, orí pápá ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo agolo lè ké “Ààlọ́ o!” kí wọ́n dáhùn “Ààlọ̀!” Gbogbo wọn ni yóò yíjú sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ẹ pa ààlọ́ kan fún wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mọ̀ pé ẹ kàn ń tan àwọn ni.

Pàṣán kò sí nínú ẹrù yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ lóró tàbí kó fi ìyà tẹ́ ẹ. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò, mo ti rí àwọn ọmọ tí ẹgba ti mọ́ lára láti ilé. Tiwa kì í dùn wọ́n tó tilé. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu olùkọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ máa wò, kí ẹ máa kọ

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ má tíì gbìyànjú láti tún ohunkóhun ṣe lára ọmọ náà. Nígbàkígbà tó bá dá wàhálà sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: aago tó lù, iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹni tó jókòó tì í, ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́rẹ́ ṣáájú, àti ohun tí àwọn ọmọ tó kù ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ni mo máa ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ lójú ọmọ. Ẹ fi ojú ewé kan fún ọjọ́ kan.

Ọmọ kan wà ní pámárì kẹta tí gbogbo wa gbà pé aláìgbọràn ni. Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ lọ́jọ́ márààrún, ìgbà àpèkọ ni méje nínú wàhálà mẹ́sàn-án rẹ̀. Etí ọmọ náà ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́ràn. Tí kò bá ti gbọ́ ohun tí mo pè, á ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn á pariwo, ìjà dé nìyẹn. Ìdọ̀tí etí tó ti le bí òkúta ni wọ́n yọ fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ọmọ ní oníjọ̀gbọ̀n, ẹ yẹ etí àti ojú wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ní kó ka ohun tó wà lójú pátákó láti ìjókòó rẹ̀. Tí ẹ bá fura, ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ tún wo ebi àti oorun. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ pa àtẹ dé ní ọjà Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí lálẹ́ àná, tó sì jáde láàárọ̀ láìfi nǹkan kan kan ẹnu, kò sí ọgbọ́n olùkọ́ tó lè mú un jókòó jẹ́ẹ́ títí di aago mọ́kànlá. Mo máa ń tọ́jú bísíkíìtì sínú báàgì mi. Ẹ̀pà yíyan dín owó kù, ó sì ń dúró pẹ́ nínú ikùn.

Ẹ lọ sílé rẹ̀

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ ti gbọ́dọ̀ rí òbí rẹ̀. Ẹ má fi lẹ́tà pè wọ́n. Lẹ́tà iléèwé ti túmọ̀ sí ẹjọ́ lójú ọ̀pọ̀ òbí, wọ́n á sì ti na ọmọ náà kí wọ́n tó gbéra wá bá yín. Ẹ rìn lọ. Tó bá jẹ́ pé ọjà Ìtòkú ni ìyá rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ, ẹ béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ má baà lọ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an, kò sì sí ìyá tó lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ nígbà tí oníbàárà dúró sí i lọ́rùn.

Ohun rere ni kó kọ́kọ́ ti ẹnu yín jáde, kó sì jẹ́ òótọ́. Báyìí ni èmi ṣe máa ń sọ ọ́: “Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, màmá. Èmi ni àǹtí tó ń kọ́ ọmọ yín. Ọmọ yín mọ àwòrán yà o. Mo ní kí n wá mọ ilé, kí n sì béèrè nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ yín.” Ìyá kan ní Ìjẹmọ̀ dìde dúró nígbà tó gbọ́ “àǹtí”, ó ní, “Àǹtí, kí ló tún ṣe?” Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kó tó jókòó padà.

Ẹ béèrè ìgbà tó ń sùn, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tí iléèwé bá jáde, àti bóyá nǹkan kan ti yí padà nílé láìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè oríkì rẹ̀. Tí ìyá kò bá rántí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Ọmọ lè máa jẹ́ orúkọ gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ́jísítà, kó sì jẹ́ pé Àkànní ni ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé ń pè é. Ẹ ó lò ó láìpẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má na ọmọ nítorí pé ẹ wá.

Ní ti ìjókòó: ìlà kejì, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o, kì í ṣe ẹ̀bá fèrèsé, kì í ṣe ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ dá jókòó.

Ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́wọ́, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìran ni ọmọ yẹn ń ṣe, kò sì sí eléré tó ń ṣe é lọ tí òǹwòran bá ti túká. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe tó mú kí ojú kíláàsì yí sí i, ẹ ti bá a pe òǹwòran sí i nìyẹn. Ẹ má dúró lẹ́bàá pátákó kí ẹ máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ má ní kó jáde síwájú. Ẹ má ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè níwájú gbogbo wọn: tí ẹ bá ti kẹ̀yìn sí i, á máa yọ ahọ́n sí wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ò sì ní mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pé, “Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?” Kò sí ìdáhùn tó dára sí ìbéèrè yẹn. Tó bá dákẹ́, ẹ ó ní ó ń fojú di yín. Tó bá fèsì, ẹ ó ní ó ń gbó yín lẹ́nu. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí yín ju bó ṣe ń bí yín tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ ara yín fà á. Ẹ má pè é ní olódo, ẹ má pè é ní ọmọ burúkú, ẹ má sì dárúkọ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu olùkọ́ ni àwọn tó kù ti máa kọ́ orúkọ yẹn, wọ́n á máa fi pè é títí dé ojú ọ̀nà ilé.

Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni, fa ọmọ kan jáde síwájú lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà á, ọ̀pọ̀ ọmọ a máa rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Kíláàsì náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yìí fọ́ ọ létí. Kí aago kan tó lù, ìyá ọmọ náà ti dé láti ìdí ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú títí dé ìgúnpá, àwọn ará ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ ọgbà iléèwé. Olùkọ́ yẹn kò tún lè kọ́ kíláàsì náà mọ́ bó ṣe yẹ títí táàmù fi parí. Gbólóhùn kan ló yẹ kó gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu yín. Ẹ má dá ẹ̀kọ́ dúró. Ẹ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn lọ, títí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ibi tó yẹ kó máa kọ nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì kọjá. Ẹ má wojú rẹ̀. Ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti tán.

Tí kò bá tán, ẹ padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí etí rẹ̀ wà, kí ẹ sọ gbólóhùn kan: “Àkànní, ṣí ìwé rẹ. Mo ń bọ̀ wá wo ìlà àkọ́kọ́.” Oríkì yẹn, ẹ kò gbọdọ̀ pè é sókè kí àwọn tó kù má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́, etí rẹ̀ nìkan ló wà fún. Lẹ́yìn èyí, ẹ kúrò níbẹ̀. Kíkúrò yìí ni àwọn olùkọ́ kì í ṣe. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á fọwọ́ sí ìbàdí, wọ́n á máa dúró de ìgbà tó máa ṣí ìwé. Tí ẹ bá dúró, ẹ ti sọ ọ́ di ìdíje, ọmọ náà kò sì ní fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i pé òun ló kọ́kọ́ ṣubú. Ẹ fún un láyè kó gbọ́ràn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i.

Tí ọwọ́ bá ti dé ara ọmọ mìíràn, tàbí tó ń ju nǹkan, gbogbo èyí ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ kó àwọn tó kù jìnnà sí i, kí ẹ rán ọmọ méjì lọ pe olùkọ́ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ ti gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ yẹn ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Tí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ ti ń gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì bú gbàmù, ẹ kọ ìwé pélébé, ẹ ká a, kí ẹ fi rán an sí olùkọ́ ẹ̀gbẹ́ yín náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni: “Ẹ bá mi fún un lómi, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 5.” Á lọ bí ọmọ tí wọ́n fọkàn tán, á sì padà ní ara tútù. Ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, kó má baà fi dá wàhálà sílẹ̀ láti rí ìrìn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjì

Lọ́jọ́ kan náà, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, ẹ jókòó, kí òun náà jókòó. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹ pe oríkì rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má sọ irú ẹni tó jẹ́: “O ju ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mẹta nígbà ìṣirò.” Ẹ béèrè ibi tí ìṣirò náà ti le fún un. Ẹ bá a ṣe àdéhùn kan ṣoṣo, kó jẹ́ ohun kékeré, bíi kó gbé bírò sórí tábìlì tí nǹkan bá ti sú u kí ẹ lè rí i. Ẹ má ṣe ìlérí owó.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa kọ́. Tí 60 bá wà níwájú yín, iṣẹ́ ẹni méjì lẹ̀ ń ṣe, bó sì ṣe ń rẹ̀ yín yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ mu omi kí ọ̀fun tó gbẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pariwo, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ má gbé e sókè.

Ẹ má kó ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Òǹwòran náà ni wọ́n. Wọ́n á fẹ́ gbọ́ tọ̀la, ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹ ó sọ fún wọn. Ẹ kọ ìlà méjì sínú ìwé yín tí iléèwé bá jáde, ẹ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má gun ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Èmi a máa fẹsẹ̀ rìn títí dé Sápọ́n kí n tó wọkọ̀, ìbínú ọjọ́ náà kì í sì í bá mi dé ìdí ọkọ̀.

Tí oorun bá kọ̀ tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹ bá ń sunkún láàárọ̀ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ lọ rí dókítà. Mo mọ̀ pé ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ẹnu á máa kùn yín. Ẹ lọ. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé nígbà náà láàárín àwọn ará abúlé àyíká, tí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí olùkọ́ wọlé síbẹ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ oorun.

Ẹ fún gbogbo èyí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ka wàhálà inú ìwé yín: tí mẹ́sàn-án bá ti di márùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má yí nǹkan kan padà. Tí kò bá dín rárá, ẹ padà sórí etí, ojú, ebi àti oorun. Nígbà tó bá kọjá sí kíláàsì tó kàn, ẹ má gbé ìwé yẹn fún olùkọ́ rẹ̀ tuntun. Ẹ sọ oríkì rẹ̀ fún un, àti ìjókòó tó bá a lára mu.