Ọjọ́ tí ọmọ mi wa iṣu ní Ìkọ̀gòsì

Ọmọ ọdún méje ni ọmọ mi obìnrin, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kì í jẹ iyán. Lọ́jọ́ kan, ní ilé wa ní Adó-Èkìtì, ó bi mí pé orí igi wo ni iṣu ń so sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ Èkìtì! Mo pe Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, lórí fóònù ní Ìkọ̀gòsì pé à ń bọ̀ ní Sátidé.

Oṣù kẹjọ ni, iṣu tuntun ti jáde. Mo di sòkòtò gígùn àti bàtà òjò fún un nítorí koríko oko, mo ra búrẹ́dì méjì àti ṣúgà fún Màmá, torí a ò lè wọlé àgbà lọ́wọ́ òfo. Aago méje kọjá díẹ̀ ni mọ́tò gbéra. A gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Àrámọkọ, a wá yà sí ọ̀nà Ìkọ̀gòsì.

Ọmọ kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá gbá a mọ́ra, ó ki oríkì rẹ̀ títí omi fi lé ròrò sójú mi. Nígbà tó wá ní, “Ẹ wọ ulé,” ọmọ wò mí. Mo ní ilé náà ni, pé “uṣu” tó máa tó gbọ́, iṣu ni. Ọdún 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó gan-an ni wọ́n bí mi, síbẹ̀ mi ò fi èdè ìlú wa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá, àkọ́bí Màmá, ló mú wa lọ sóko. Ó ní kí èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ebè tó ti là han ọmọ, pé iṣu inú rẹ̀ ti ta dáadáa nìyẹn. A kì í fa iṣu. Ẹ̀gbẹ́ ebè la ti ń fi àdá tú iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó máa fọwọ́ kó o kúrò títí ara iṣu yóò fi hàn. A ó wá gé e lábẹ́ orí, a ó fi orí náà sílẹ̀ pẹ̀lú okùn àti gbòǹgbò rẹ̀, a ó sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà, nítorí orí yẹn ni yóò ta èbù tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó fi sùúrù wa ti àkọ́kọ́. Ní ebè kejì, ara ti yá a jù. Àdá bá iṣu, ó wọ̀ ọ́ lára, funfun rẹ̀ yọ, omi rẹ̀ tó ń yọ̀ sì ń sun jáde. Ó bú sẹ́kún. Mo ti ń sáré bọ̀, Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó lóṣòó tì í.

“Iṣu tó bá gbọgbẹ́ kì í pẹ́ jẹrà. Òun la máa gún lónìí. Ìwọ lo bá wa yan oúnjẹ.”

Ẹkún dá.

Màmá bẹ iṣu ọ̀hún, ó gbé e ka iná igi. Nígbà tó jinná, ó ń jù ú sódó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ rẹ́ ná kó tó máa gún un kíkan, ó sì ń ta omi gbígbóná sí i, kì í dà á. Ó wá pe ọmọ. Ọwọ́ mẹ́rin lára ọmọ odó kan, ti Màmá lókè, tirẹ̀ nísàlẹ̀. Kókó tó ṣẹ́ kù, Màmá fi ìka ṣà á. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí la fi jẹ ẹ́. Ọmọ tí mo máa ń bẹ̀ kó jẹun nílé tún béèrè òmíràn.

A yà síbi ìsun omi, ó ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé. Ó gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ebè ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kí a tó kúrò lóko, Bọ̀ọ̀dá ti so ríbọ́n irun rẹ̀ mọ́ igi ebè àkọ́kọ́, pé èbù abẹ́ rẹ̀ di tirẹ̀, kó wá wà á ní oṣù kejìlá. Nínú mọ́tò, irun rẹ̀ tú lápá kan, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kí a tó dé Ìgèdè, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi mí pé oṣù mélòó ló kù.