Bí Mo Ṣe Lé Ariwo Kúrò Nínú Wáyà Ohùn Bàálù Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kàn

Ariwo yẹn kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì. Ohùn ẹ́ńjìnì mi ti mọ́ mi létí. Èyí ń kùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀fọn tó ń yí èèyàn létí ká lóru. Bí mo bá ti fún ẹ́ńjìnì níná, òun náà á gbé ohùn sókè. Bí mo bá dín in kù, á bá a sọ̀ kalẹ̀. Bàálù wà lórí ilẹ̀, igi ìdènà wà níwájú àti lẹ́yìn táyà, ọ̀rẹ́ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kan bàálù oníjòókòó méjì yìí láti orí pánù alumíníọ̀mù lásán. Ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú íntákọ̀m rẹ̀ ni ẹ̀fọn yìí gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹni tó bá ń to wáyà headset (ohun tí a ń dé sórí láti fi gbọ́ràn) àti máìkì sínú bàálù tirẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, torí àṣìṣe tí mo ṣe, ẹni tó fara balẹ̀ gan-an náà lè ṣe é.

Wáyà tí a ń lò fún ohùn nínú bàálù, wáyà alàwọ̀n ni mo máa ń pè é. Wáyà kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta, oníwọ̀n 22, ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Wọ́n wá fi àwọ̀n bàbà tí wọ́n hun wé wọn yí ká, wọ́n sì fi awọ bo àwọ̀n náà lóde. Àwọ̀n ní iṣẹ́ tirẹ̀, lílọ́ tí wọ́n lọ́ wáyà inú mọ́ra náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Agbára iná tó ń fò wá láti ara àwọn wáyà tó wà nítòsí ni àwọ̀n máa ń gbà sára, tó ń kó lọ sí earth, ìyẹn ibi tí iná ń gbà padà, kó tó kan wáyà inú. Ṣùgbọ́n agbára òòfà tó ń yí wáyà tó gbé iná púpọ̀ ká, àwọ̀n bàbà kò fi bẹ́ẹ̀ rí i dá dúró tó bá jẹ́ irú ìró tí etí ń gbọ́. Lílọ́ yẹn ló ń bá òòfà jà: ohun tó bá fi kún wáyà kan ni yóò fi kún èkejì, méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni sọ àwọ̀n di wáyà ìpadàbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà kan ni yóò fi dín kù. Kí ohùn ní wáyà tó bá lọ, kó ní wáyà tó bá bọ̀, kí àwọ̀n máa ṣọ́ wọn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mi ò rò já ni ọ̀rọ̀ earth. Mo ní bí earth kan bá dára, méjì á dára jù, ni mo bá so àwọ̀n wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ earth lẹ́yìn íntákọ̀m, mo tún so ó mọ́ ara bàálù nídìí jáàkì tí a ń ki headset bọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí àwọ̀n wáyà ohùn gbà wọ earth.

Kí n tó tú nǹkan kan, mo kọ́kọ́ wádìí ibi tí ariwo náà ti ń wọlé. Mo pa rédíò, ariwo ò lọ, nítorí náà kì í ṣe òpó rédíò (eríálì rẹ̀) ló ń gbé e wá. Mo pa swíìṣì alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná), gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ bíi pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo tan án padà, ẹ̀fọn padà dé. Ó ku kí n mọ̀ bóyá orí wáyà tó ń fún íntákọ̀m níná ló ń gbà wọlé ni, tàbí ó ń gba earth. A pa ẹ́ńjìnì. Mo yọ wáyà tó ń gbé iná wá fún íntákọ̀m, mo fún un ní iná láti ara bátìrì kékeré kan tó dá wà, volt 12, mo sì fi earth rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. A tún ẹ́ńjìnì tan. Ariwo ò yẹ̀ rárá. Ká ní ó dákẹ́ ni, filter (ohun tó ń sẹ́ ariwo kúrò lára iná) ni ǹ bá lọ wá sí orí wáyà iná. Bó ṣe wà yẹn, earth ni mo dojú kọ.

Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tún wáyà so ni a ń pa ẹ́ńjìnì, tí mo sì ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara mi. Mo ti rí ẹni tó tẹ orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí, ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ariwo tó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ara bàálù alumíníọ̀mù jọ ohun kan ṣoṣo lójú, àmọ́ iná ń ṣàn nínú rẹ̀. Iná ìyẹ́, mọ́tò fláàpù (apá ìyẹ́ tí a ń sọ̀ kalẹ̀), alternator fúnra rẹ̀, ara bàálù ni iná wọn ń gbà padà. Ká ní ampere 30 ń kọjá láàárín ibi méjì lára pánù, tí ìdènà tó wà láàárín wọn kò sì ju 0.001 ohm lọ: millivolt 30 ti wà láàárín ibi méjì tí à ń pè ní earth kan náà. Ohùn tó ń ti máìkì jáde, ọgọ́rùn-ún millivolt mélòó kan ni. Bí a bá wá so àwọ̀n mọ́ ibi méjèèjì, a ti la títì fún iná yẹn, yóò máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn wa gan-an. Iná alternator kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń ṣe nínú, diode ló ń sọ ọ́ di irú èyí tí bátìrì lè gbà, ìgbì díẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe yára tó ni ìgbì náà ń yára tó. Ìyẹn ni ẹ̀fọn tí mò ń gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́ íntákọ̀m ni mo yàn pé kí gbogbo àwọ̀n ti so mọ́ earth, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn tó kéré jù lọ wà, ibẹ̀ náà ni ó ti ń fi earth tirẹ̀ wọn gbogbo ohùn tó bá wọlé. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìwé ẹ̀rọ tìrẹ bá sọ ohun mìíràn, ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kí o tẹ̀ lé, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀.

Mo wá tú àwọn jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní méjì: èyí tó tóbi, milimítà 6.35, fún etí, èyí tó kéré díẹ̀, milimítà 5.23, fún máìkì. Ibi mẹ́ta ni plọ́ọ̀gì máìkì ti ń fọwọ́ kan jáàkì. Ṣónṣó rẹ̀ jẹ́ ti bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò, òrùka àárín jẹ́ ti ohùn, ìdí rẹ̀ jẹ́ ti ìpadàbọ̀. Mo gé ibi tí mo ti so àwọ̀n mọ́ ara bàálù kúrò, mo gé àwọ̀n náà dọ́gba pẹ̀lú ẹnu awọ òde, mo sì fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, torí fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá yọ jáde tó lọ fara kan ìdí jáàkì ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi rọ́bà tó máa ń fún mọ́ wáyà bí ooru bá kàn án bo ẹnu ibẹ̀, bíi milimítà 20. Ẹ̀gbẹ́ yìí, àwọ̀n kò kan ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ íntákọ̀m gba àkókò jù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ti tú àwọ̀n sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, mo lọ́ ọ bí irun, mo fi dé ibi earth. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá yẹn ni wáyà inú fi wà níhòòhò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bó awọ òde díẹ̀, mo jẹ́ kí àwọ̀n yọ ní milimítà mẹ́jọ péré, mo gbé wáyà kúkúrú kan lé e, mo sì ki méjèèjì bọ inú ọ̀pá rọ́bà kékeré tí òrùka lẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni mo fẹ́ sí i títí lẹ́ẹ̀dì fi yọ́ tó sì ràn wọ inú àwọ̀n. Ìwọ̀n Celsius 150 ni awọ Tefzel tó wà lára wáyà mi lè máa fara dà títí lọ, nítorí náà ooru ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò ṣe é ní nǹkan kan. Wáyà onírọ́bà lásán ì bá ti yọ́ mọ́ra. Wáyà kúkúrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ni mo kó sórí bóòtù earth kan ṣoṣo lẹ́yìn íntákọ̀m. Mo fa píìnì kọ̀ọ̀kan tí mo tẹ̀ wọ kọ́nẹ́tọ̀ wò kí n tó tì í wọlé. Wáyà máìkì àti wáyà etí kò sí nínú awọ kan náà. Ohùn etí lágbára ju ti máìkì lọ fíìfíì, ó sì lè ta bá a.

Mo rò pé mo ti ṣe é tán. A tan ẹ́ńjìnì, ẹ̀fọn ṣì wà níbẹ̀. Ó ti rẹlẹ̀ gan-an, ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ èmi gbọ́ ọ.

Mo mú mítà tí a fi ń wọn iná. Mo yọ kọ́nẹ́tọ̀ lẹ́yìn íntákọ̀m kí wáyà má bàa kan ohunkóhun, mo wá fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ìdí jáàkì, mo fi èkejì kan ara bàálù. Jáàkì kìíní: kò sí ọ̀nà. Èkejì, ẹ̀kẹta: kò sí ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin, máìkì èrò: 0.2 ohm. Irin ń fara kan irin níbì kan. Ìdí jáàkì tí mo sọ ṣáájú, tí ìpadàbọ̀ ohùn ń gbà, òun náà ni irin tó ń wọ inú ihò pánù, tí nọ́ọ̀tì sì ń dè mọ́lẹ̀. Bí a bá dè é bẹ́ẹ̀, a ti fún ìpadàbọ̀ ní earth kejì láìsí pé àwọ̀n dá sí i rárá. Ìdí nìyẹn tí ihò pánù fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju jáàkì lọ, kí wáṣà ike méjì sì wà níbẹ̀: ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀kan tó ní èjìká tó ń wọ inú ihò lọ láti dá irin jáàkì sí àárín. Níbi jáàkì kẹrin, pẹlẹbẹ méjì ni mo fi sí i. Lójú, ó dà bí ẹni pé ó tọ̀nà, ike wà níwájú, ike wà lẹ́yìn. Àmọ́ nínú ihò níbi tí ojú kò dé, jáàkì rọra fara ti etí pánù.

Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún wọ̀n ọ́n: kò sí ọ̀nà. Mo mi jáàkì náà sọ́tùn-ún sósì bí mo ṣe ń wo mítà, torí bàálù máa ń gbọ̀n, ohun tí kò kan ara lórí tábìlì lè kan ara lójú òfuurufú. Kò yí padà. Mo dá kọ́nẹ́tọ̀ padà, mo tún wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn ti ní ọ̀nà sí earth báyìí, ọ̀nà kan náà, láti ẹ̀yìn íntákọ̀m. Wíwọ̀n yìí kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ká ní mo ṣe é kí n tó de dáṣíbọ́ọ̀dù pa ní ìgbà àkọ́kọ́ ni, ǹ bá má pàdánù òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òfin yìí lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Wáyà òpó rédíò, irú RG-400, jọ wáyà alàwọ̀n lójú, àmọ́ ara iṣẹ́ ni àwọ̀n tirẹ̀ ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kọ́nẹ́tọ̀ sì ti ń dì í mú. Bí o bá gé àwọ̀n rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, o ti ba rédíò jẹ́. Wáyà tó ń lọ sí magneto (ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì níná) náà ní ìlànà tirẹ̀: ara magneto, nídìí ẹ́ńjìnì, ni àwọ̀n rẹ̀ ti ń gba earth, òun ló sì ń gbé earth náà wá fún swíìṣì, a kì í tún un so mọ́ ara bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ swíìṣì.

A tan ẹ́ńjìnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo gbé e dé ìyípo 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, mo dúró, mo gbé e dé 1,700, mo dúró. Mo tan gbogbo iná, mo sọ fláàpù kalẹ̀, mo gbé e sókè. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ka òǹkà láti ení dé ẹ̀wá lórí rédíò. Ẹni tó mú rédíò ọwọ́ dúró ní òpin pápá dáhùn pé ohùn mi mọ́, òun ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú ìwé àwòrán wáyà bàálù, mo fi yíǹkì pupa ya àmì earth sí ẹ̀gbẹ́ íntákọ̀m lórí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kọ “òfo” sí ẹ̀gbẹ́ jáàkì, mo sì kọ iye tí mítà sọ àti ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tó yá. Ó ń wo ojú agogo epo. Ẹ́ńjìnì ń ké níwájú wa, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí nínú headset.