Orúkọ ẹni yín ò jáde nínú àkọsílẹ̀ sójà tó kú sógun? Ẹ wo ibí ná

Ìbéèrè: Àbúrò bàbá bàbá mi bá wọn lọ jagun Bọ́má nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò padà wálé. Mo ti tẹ orúkọ ẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù Commonwealth War Graves Commission (CWGC), àjọ tó ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn sójà Commonwealth tó kú sógun, títí ó fi sú mi, nǹkan kan ò jáde. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ó jọ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé lẹ̀ ń wá, àwọn ológun sì lè má mọ orúkọ yẹn rárá. Láyé ìgbà yẹn, bí akọ̀wé bá ti béèrè orúkọ, á béèrè ìlú, ó lè fi ìlú yẹn ṣe orúkọ kejì fún un, ó parí. Ẹ wo Belo Akure, sójà Nigeria Regiment (ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lábẹ́ òyìnbó) tó gba mẹ́dàlì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìlú ló wà nídìí orúkọ ẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ orúkọ ìlú. Ẹ tún rántí pé òyìnbó ò mọ àmì, ṣ lè di s, ó lè di sh, ọ lè di o tàbí aw, Láṣíṣì àti Lásísì sì lè wà lójú ewé kan náà. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ pa orúkọ tì pátápátá: ẹ mú Nigeria Regiment, ẹ mú ọdún 1944 àti 1945, kẹ́ẹ wá máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń tánni ní sùúrù o, èmi lo ìrọ̀lẹ́ méjì kí n tó rí tèmi, ìlú ìyá ẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti bàbá ẹ̀!

Ìbéèrè: Mo ti rí i! Rangoon Memorial ni wọ́n kọ. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun ìrántí ni Rangoon Memorial, inú itẹ́ òkú ológun Taukkyan ní Myanmar (Bọ́má ayé ìgbà yẹn) ló wà, orúkọ tó wà lára ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn tí wọn ò mọ ibojì wọn ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà ti ní ọjọ́ tó kú àti bàtálíọ̀nù ẹ̀ (ẹgbẹ́ sójà tó wà) báyìí, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Ní National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ojoojúmọ́ ogun Bọ́má wà lábẹ́ nọ́ńbà àkójọ WO 172. Wọn kì í sábà dárúkọ sójà lásán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí odò tí bàtálíọ̀nù ẹ̀ wà létí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóyá wọ́n ń jà àbí wọ́n ń rìn.

Ìbéèrè: Bàbá mi àgbà tiẹ̀ padà wálé, 1958 ló kú. Kò sí níbẹ̀.

Ìdáhùn: Kò ní sí níbẹ̀. Ti ogun kejì, àwọn tó kú láàárín 3 September 1939 sí 31 December 1947 nìkan ni CWGC ń kà. Inú àpótí ilé ni kẹ́ẹ wò, ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò níṣẹ́ sójà, nọ́ńbà ẹ̀ máa wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Tiwa ò gbé ìbọn, ẹrù ló bá wọn rù lọ sí East Africa nígbà ogun kìíní.

Ìdáhùn: Hmm, èyí ló le jù. CWGC fúnra wọn gbé ìròyìn jáde ní April 2021 pé ó kéré tán 116,000 èèyàn ni wọn ò dárúkọ wọn, tàbí tí wọn ò ṣe ìrántí wọn rárá, àwọn ará East Africa àti Íjíbítì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn aláàárù sì pọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà ẹ̀bi kì í ṣe ti bẹ́ẹ ṣe ń wá a. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ta ló bá a lọ, orúkọ ẹni yẹn lè wà lákọsílẹ̀ tó bá jẹ́ sójà.